Bí fúútùrẹ́sì tuntun ṣe ń ba bíréèkì ẹ̀yìn jẹ́, àti bí a ṣe ń dè é kó má bà á jẹ́

Alùpùpù àtijọ́ kò tíì tán ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó: Honda CG125, Suzuki AX100, Yamaha RX100, tàbí Honda CD175 tí bàbá kan fi tapólì bò sẹ́yìn ilé. Ẹni tó bá fẹ́ sọ irú rẹ̀ dọ̀tun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí fúútùrẹ́sì, ìyẹn irin tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé, nítorí pé rọ́bà ti tẹ́lẹ̀ ti jẹ tán, irin rẹ̀ sì ti wọ́ nígbà tí alùpùpù ṣubú. Tuntun ń dán, kò wọ́n, bóòtù méjì mẹ́ta ló sì dì í mú. Ìgbà tí wọ́n bá dì í tán ni awakọ̀ máa ń rí i pé bíréèkì ẹ̀yìn kò mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, tàbí pé ó ń mú nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á wá máa dá bíréèkì ṣúù, ìyẹn páàtì tó ń fún họ́ọ̀bù táyà mú láti inú, lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ náà kò le tó bó ṣe ń rú ni lójú. Fúútùrẹ́sì ọwọ́ ọ̀tún àti pẹ́dà bíréèkì, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Àtẹ́lẹsẹ̀ gbára lé fúútùrẹ́sì, iwájú ẹsẹ̀ wá ń tẹ pẹ́dà láti ibẹ̀. Bí ẹ bá sún fúútùrẹ́sì sẹ́yìn ní 40 mm láìfọwọ́ kan pẹ́dà, pẹ́dà ti fi 40 mm jìnnà sí ẹsẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sókè ní 30 mm, ọrùn ẹsẹ̀ kò ní lè tẹ̀ tó mọ́, awakọ̀ á máa gbé odidi ẹsẹ̀ kúrò kó tó lè tẹ bíréèkì. Bí gbígbé ẹsẹ̀ yẹn bá gba sẹ́kọ́ńdì kan péré, alùpùpù tó ń sá ní 40 km/h ti rin mítà 11 kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó pààrọ̀ fúútùrẹ́sì ti pààrọ̀ bíréèkì nìyẹn, ì báà má fọwọ́ kàn án.

Ohun kan ṣáájú: lára àwọn alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ bíi Triumph àti BSA ti àwọn ọdún 1960, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń yí jíà, ẹsẹ̀ òsì ló ń tẹ bíréèkì. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ kó yí ọ̀tún sí òsì nínú gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí. Kó sì rántí pé eyín bóòtù wọn kì í ṣe ti mìlímítà. Bóòtù 8 mm (ara rẹ̀ tó ní eyín là ń wọ̀n, kì í ṣe orí tí sípánà ń mú) tí wọ́n bá fi tipátipá wọ irú ihò bẹ́ẹ̀ máa ń yí ní ìgbà méjì, á há, á sì gé eyín ihò náà dànù.

Ohun tó wà lọ́jà

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ ó rí. Àkọ́kọ́ gba ojú ibi tí ti tẹ́lẹ̀ wà gẹ́lẹ́, ìrísí rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Èyí kò ní wàhálà púpọ̀. Ìkejì ní irin pelebe tó ń sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ tàbí tó ń gbé e sókè. Àwọn tó ga, tí orúnkún wọn ń kan tánkì, ló sábà máa ń rà á. Ìkẹta ni irin pẹlẹbẹ ńlá méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tó ń kó fúútùrẹ́sì, pẹ́dà àti jíà lọ sẹ́yìn àti sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń fi alùpùpù sáré ìdíje, tí wọ́n ń dojú bolẹ̀ lórí tánkì, ni wọ́n ṣe é fún. Lójú tiwa, ẹni tó ń jókòó ṣánṣán láti Ọjà Ọba lọ sí Alágbàká, tó sì ń gbé èrò, kò nílò rẹ̀ rárá. Ó sábà máa ń gba ojú fúútùrẹ́sì èrò, ẹsẹ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn á wá máa fì dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣéènì.

CG125 ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Irin kan ṣoṣo ló gba abẹ́ ẹ́ńjìnì kọjá láti ọ̀tún dé òsì, òun ló gbé fúútùrẹ́sì méjèèjì, bóòtù 8 mm mẹ́rin ló sì dì í mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnì. Bí alùpùpù bá ṣubú, irin yìí ló máa ń tẹ̀. Ẹ fi rúlà gígùn tàbí igi tó tọ́ lé e. Bí ọ̀tún àti òsì kò bá dọ́gba, fúútùrẹ́sì tuntun tí ẹ bá fi sí i yóò wọ́ bíi ti àtijọ́ ni. Ẹ tú irin náà kúrò lára alùpùpù kí wọ́n tó nà án. Bí wọ́n bá ki páìpù bọ̀ ọ́ lẹ́nu tí wọ́n sì nà án níbi tó wà, ihò bóòtù tó wà lára ẹ́ńjìnì, tó jẹ́ alumíníọ́mù, ló máa ń ya. Owó àtiṣe ìyẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ owó fúútùrẹ́sì.

Yálà láti Nnewi ni páàtì náà ti wá tàbí láti Èkó, ẹ má wo orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀. Ẹ mú un lọ́wọ́, kí ẹ ká a. Fúútùrẹ́sì tó dáa gbọ́dọ̀ ká lọ sẹ́yìn àti sókè, kí sípíríìnì sì dá a padà fúnra rẹ̀. Èyí tó dúró gbagidi, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á: nígbà tí alùpùpù bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ní kọ́nà tí irin sì kan ilẹ̀, èyí tó ń ká yóò yẹra, èyí tí kì í ká yóò gbé táyà kúrò nílẹ̀. Ẹ wo ojú ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lára rẹ̀, níbi tí pínnì ti gbà á kọjá. Bí irin náà bá ní ihò wínníwínní bíi inú búrẹ́dì, wọn kò dà á dáadáa, yóò kán níbẹ̀, kò sì ní kìlọ̀ kó tó kán. Pínnì tó ti ń mì láti ojú ìsọ̀ kò ní dẹ́kun mímì nígbà tó bá délé. Ní ti rọ́bà àti irin oníṣágiṣàgi, rọ́bà ló ń gba gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì oníṣílíńdà kan mọ́ra. Irin oníṣágiṣàgi ló ń di bàtà mú nínú ẹrọ̀fọ̀. Alumíníọ́mù tí wọ́n dán kalẹ̀ láìní ṣágiṣàgi kò wúlò fún òjò Oṣù Keje rárá.

Bóòtù tó bá a wá nínú páálí ńkọ́? Ẹ wo orí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 8.8 níbẹ̀, tó jẹ́ àmì bí irin rẹ̀ ṣe lágbára tó, ẹ lò ó. Bí kò bá sí nọ́ńbà kankan, ẹ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ ra èyí tó ní. Gbogbo ìwúwo awakọ̀ tó dìde dúró nígbà tó fẹ́ gba orí kòtò kọjá wà lórí bóòtù kan tàbí méjì yẹn.

Wíwọ̀n àti dídè

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ wọn nǹkan sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kì í ṣe sínú orí. Láti etí àga dé orí fúútùrẹ́sì, mélòó ni? Láti àárín fúútùrẹ́sì dé ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lórí pẹ́dà ńkọ́? Ṣé pẹ́dà ga ju fúútùrẹ́sì lọ ni, àbí ó rẹlẹ̀ sí i, pẹ̀lú mìlímítà mélòó? Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sẹ́yìn, níbi tí ọ̀pá bíréèkì ti wọ apá kékeré tó wà lára họ́ọ̀bù, kí ẹ ka iye eyín tó yọ lẹ́yìn nọ́ọ̀tì. Fọ́tò dáa, àmọ́ fọ́tò kì í sọ mìlímítà.

Sípánà 10, 12 àti 14 ló ń tú púpọ̀ nínú bóòtù alùpùpù Japan. Àwọn bóòtù tí wọ́n ti pààrọ̀ lójú ọ̀nà máa ń gba 13 tàbí 17. Ẹ wá pínsà, búrọ́ọ̀ṣì onírin, gíríìsì, àti kọ́tà pínnì tuntun (pínnì wáyà tí a ń tẹ̀ lẹ́nu kí nǹkan má bàa yọ), torí èyí tí wọ́n bá ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò yẹ ní lílò mọ́. Bóòtù tó ti dípẹtà, ẹ fi epo aṣípẹtà sí i ní ìrọ̀lẹ́ kó sùn mọ́jú. Ẹni tó bá fi agídí yí i lójú ẹsẹ̀ yóò gbé orí bóòtù lọ́wọ́, ìyókù á sì wà nínú ihò.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì nu ojú irin méjèèjì tó máa pàdé títí tí ẹ ó fi rí irin gan-an. Kí ọ̀dà má wà láàárín wọn. Ọ̀dà máa ń fọ́ lábẹ́ bóòtù lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, bóòtù á sì dẹ̀. Bí irin kan bá jẹ́ alumíníọ́mù tí èkejì sì jẹ́ irin gidi, ẹ fi gíríìsì tín-ínrín pa á lójú, torí omi òjò ló ń mú kí àwọn méjèèjì jẹ ara wọn. Lára púpọ̀ nínú wọn, imú kékeré kan wà lẹ́yìn fúútùrẹ́sì tó gbọ́dọ̀ wọ inú ihò tàbí kó fara ti férémù. Imú yẹn ni kì í jẹ́ kí fúútùrẹ́sì yí. Bí kò bá wọlé, ẹ má fáìlì rẹ̀ dànù kí ẹ fi bóòtù nìkan dì í. Páàtì náà kì í ṣe ti alùpùpù yín ni.

Fífún bóòtù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣejù. Ìwọ̀n tí Honda ń lò fún bóòtù lásán ni 22 Nm fún bóòtù 8 mm, àti 34 Nm fún 10 mm (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára tí a fi ń yí bóòtù). Bí ìwé alùpùpù yín bá sọ òmíràn, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹni tí kò ní sípánà olówó iyebíye tó ń wọn agbára lè lo síkéèlì kékeré alákọ̀ọ́, irú èyí tí àwọn tó ń lọ òkè òkun fi ń wọn ẹrù. Ẹ fi kọ́ rẹ̀ kọ́ sípánà níbi tó jìnnà sí àárín bóòtù ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ fà á ṣánṣán ní ìbú sí sípánà: nígbà tó bá ka kílò 15, ó ti tó 22 Nm. Fún bóòtù 10 mm, ẹ kọ́ ọ ní sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹ fà á dé kílò 17. Yóò yà yín lẹ́nu bó ṣe kéré sí ohun tí apá ọkùnrin máa ń fẹ́ fà.

Gígùn pẹ́dà

Bí pẹ́dà náà bá yí padà pẹ̀lú fúútùrẹ́sì, ẹ tún rúlà mú. Wọ́n ṣe pẹ́dà kí agbára ẹsẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ẹ wọn láti ibi tí pẹ́dà ti ń yí dé ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ẹ tún wọn láti ibi kan náà dé ihò tí ọ̀pá bíréèkì kọ́ sí. Kí a ní àkọ́kọ́ jẹ́ 200 mm, ìkejì sì jẹ́ 50 mm. Igba pín sí àádọ́ta jẹ́ mẹ́rin: ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára kílò 10, kílò 40 ló fi ń fa ọ̀pá. Ẹ wá ra pẹ́dà tuntun kúkúrú tó rẹwà, tó jẹ́ 140 mm, tí ihò rẹ̀ ṣì wà ní 50 mm. Kílò 10 kan náà kò fà ju kílò 28 lọ mọ́. Kí ó tó mú bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ní láti tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú kílò 14 ó lé díẹ̀. Bíréèkì ṣúù tuntun kò ní yí ìṣirò yìí padà. Àwọn kan máa ń ní kí wẹ́dà lu ihò mìíràn tó súnmọ́ ibi tí pẹ́dà ti ń yí kí agbára lè padà. Agbára á padà lóòótọ́, àmọ́ pẹ́dà á ní láti rìn jìnnà kí bíréèkì tó mú, ó sì lè kan sàlẹ́ńsà tàbí fúútùrẹ́sì kó tó mú tán. Kí iye tó jáde nínú pípín yẹn dọ́gba pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀, tàbí kó súnmọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí: ohun tó yẹ kí ẹ máa wá lọ́jà nìyẹn.

Ọ̀pá bíréèkì gbọ́dọ̀ tọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wẹ́dà tó tẹ ọ̀pá kó lè yẹ sàlẹ́ńsà sílẹ̀ ti ba bíréèkì jẹ́, torí gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dà, títẹ̀ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ nà kí apá họ́ọ̀bù tó mira. Apá kan ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rìn ti sọnù síbẹ̀. Bí ọ̀pá bá kúrú tàbí tó gùn jù, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń ṣe iṣẹ́ lẹ́ẹ̀tì kó gé òmíràn, kó sì fi dáì gé eyín sí i lẹ́nu. Ọ̀pá tí wọ́n jó pọ̀ láàárín, a kò gbà á.

Nígbà tí ẹrù bá gun orí rẹ̀

Ibí yìí ni àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ pàápàá kì í wò, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣòro jù láti rí. Irin oríta tó gbé táyà ẹ̀yìn dání ń yí lórí bóòtù ńlá kan lẹ́yìn ẹ́ńjìnì. Bí èrò bá gòkè, tàbí tí wọ́n bá di àpò kòkó mọ́ ẹ̀yìn, ṣọ́ọ̀kì á wọlé, táyà á sì lọ sókè sínú alùpùpù. Ọ̀pá bíréèkì ń bá táyà lọ ní ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ kọ́ mọ́ pẹ́dà tí kì í kúrò lára férémù. Bí iwájú ọ̀pá bá súnmọ́ bóòtù ńlá yẹn, kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé pẹ́dà lọ sí ibòmíràn, ọ̀rọ̀ yí padà: bí iwájú ọ̀pá bá wà lókè bóòtù náà, ọ̀pá á dẹ̀ nígbà tí ẹrù bá gun alùpùpù, pẹ́dà á sì lọ sísàlẹ̀ kó tó mú. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀pá á fà fúnra rẹ̀, bíréèkì á sì máa mú láìsí ẹsẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Irin oríta gùn ní 450 mm, ihò ọ̀pá sì wà ní 40 mm nísàlẹ̀ bóòtù ńlá. Táyà lọ sókè ní 60 mm nígbà tí èrò jókòó. Ọ̀pá yóò fà ní nǹkan bí 5 mm. Pẹ̀lú pẹ́dà onímẹ́rin tí a ṣírò lókè, 5 mm yẹn jẹ́ 20 mm lójú pẹ́dà, ìyẹn ni pé gbogbo àyè tí ẹ fi sílẹ̀ kí pẹ́dà rìn kí bíréèkì tó mú lè ti tán. Alùpùpù tó ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ lórí ìdúró rẹ̀ ní ilé mẹkáníìkì á wá máa jó bíréèkì lójú ọ̀nà Ìdànrè. Ẹ máa wọn àyè pẹ́dà lẹ́ẹ̀mejì nítorí èyí: nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí lórí rẹ̀, àti nígbà tí ènìyàn méjì jókòó sórí rẹ̀.

Títò ó

Ìtẹ̀léra ṣe pàtàkì. Ẹ ti di fúútùrẹ́sì tán. Ẹ wọ bàtà tí ẹ máa ń gùn ún gan-an, kì í ṣe sílípáàsì, kí ẹ jókòó. Pẹ́dà yẹ kó wà lábẹ́ ìka ẹsẹ̀ láìkàn án, ní nǹkan bíi bákan náà pẹ̀lú orí fúútùrẹ́sì tàbí kó fi díẹ̀ rẹlẹ̀. Bóòtù kékeré tí pẹ́dà ń fara tì lẹ́yìn ni ẹ fi ń sọ gíga rẹ̀. Lára irú tí kò ní bóòtù yìí, tí pẹ́dà wọ ṣáàfù eléyín, ẹ tú bóòtù tó fún un pa, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sún un ní eyín kan, kí ẹ sì rí i pé bóòtù náà gba inú kòtò ṣáàfù kọjá nígbà tí ẹ bá dá a padà. Bí kò bá gba inú kòtò, pẹ́dà lè yọ jáde lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yìn gíga ni nọ́ọ̀tì ọ̀pá kàn, ẹ má yí i ṣáájú. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù Japan kékeré, pẹ́dà yẹ kó rin 20 sí 30 mm lẹ́nu kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Ojú nọ́ọ̀tì náà gé bíi ìlàjì òṣùpá, ó sì gbọ́dọ̀ jókòó wọ ara pínnì apá họ́ọ̀bù. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ ní ìdajì yíyí, yóò jókòó fúnra rẹ̀ lójijì nígbà tí ẹ bá ń lọ, àyè á sì yí padà. Bí ọ̀pá bá nípọn ní 6 mm níbi eyín rẹ̀, ìdajì yípo kan ń fa ọ̀pá ní 0.5 mm, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 2 mm lójú pẹ́dà onímẹ́rin.

Iná ẹ̀yìn ló kẹ́yìn. Súwíìṣì rẹ̀ kọ́ mọ́ pẹ́dà pẹ̀lú sípíríìnì tín-ínrín. Ẹ yí nọ́ọ̀tì tó dì í mú, kí ẹ di ara súwíìṣì náà mú kó má bá a yí, torí wáyà inú rẹ̀ á lọ́, á sì já. Iná yẹ kó tàn gẹ́lẹ́ kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú.

Nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ wo igun tó wà láàárín ọ̀pá àti apá họ́ọ̀bù. Kò gbọdọ̀ ju dígírì 90 lọ. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, bíréèkì ṣúù ti jẹ tán, kò sì sí fúútùrẹ́sì tó fà á. Yíyọ apá náà kí a sún un ní eyín kan lórí ṣáàfù rẹ̀, tí àwọn kan máa ń ṣe, ń fi jíjẹ ṣúù pamọ́ ni, torí àmì tó ń sọ ìgbà tí ṣúù tán ti yẹ̀ kúrò lójú rẹ̀.

Àwọn tó ní bíréèkì olómi lẹ́yìn, ẹ fi àyè 1 sí 2 mm sílẹ̀ láàárín ọ̀pá kékeré pẹ́dà àti písítìnì rẹ̀. Láìsí i, omi bíréèkì kò ní rí ọ̀nà padà sínú kóló rẹ̀. Bó bá gbóná á wú, bíréèkì á sì há.

Ẹ tẹ kíìkì kí ẹ rí i pé kò lu fúútùrẹ́sì tuntun. Lára púpọ̀, ẹ ní láti ká a kí kíìkì tó kọjá. Ẹ yí jíà láti kìíní dé ìkẹyìn. Lára irú tó kó jíà sẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá, bí apá kékeré rẹ̀ bá kọ ojú sí òdì kejì, ìsàlẹ̀ á di òkè, awakọ̀ tó rò pé òun ń lọ sí ìkẹta á já sí ìkíní.

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀ lórí ìdúró àárín: ẹ fi ọwọ́ yí táyà, ẹ tẹ pẹ́dà, ẹ fi sílẹ̀, kí táyà sì tún yí láìsí ariwo fífá. Lẹ́yìn náà, ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, ní 20 km/h, bíréèkì ẹ̀yìn nìkan. Lẹ́yìn 50 km, ẹ tún fi síkéèlì wo gbogbo bóòtù. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ gbé èrò tàbí ẹrù tí ẹ máa ń gbé, kí ẹ lọ tó kìlómítà márùn-ún láìfọwọ́ líle kan bíréèkì, kí ẹ dúró, kí ẹ sì ta omi díẹ̀ sára họ́ọ̀bù ẹ̀yìn. Bí omi bá hó ṣàà, bíréèkì ń fa lábẹ́ ẹrù. Ẹ má tíì sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tú nọ́ọ̀tì ọ̀pá ní ìdajì yípo méjì, kí ẹ wọn àyè pẹ́dà, kí ẹ tún un lọ. Bí ó bá wá di pé pẹ́dà kò mú mọ́ nígbà tí ẹrù sọ̀kalẹ̀, ibi tí wọ́n gbé pẹ́dà sí kò dáa, kò sì sí nọ́ọ̀tì tó lè tún un ṣe; ẹ dá pẹ́dà padà sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀.